Bí wọ́n bá gbé akọ̀ròyìn yín, ẹ dé tẹ́ṣàn lọ́jọ́ yẹn gan-an

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀ròyìn ìjọba ìbílẹ̀ bíi tèmi, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: owó ti jáde, agbaṣẹ́ṣe ti gbà á, iṣẹ́ ò sí nílẹ̀. Tiwa jẹ́ òrùlé ilé ìwòsàn tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣe, tí òjò ṣì ń jò lé aláboyún lórí. Mo kọ lẹ́tà béèrè ìwé iṣẹ́ náà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011, tó ní kí wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ 7. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Mo gbé fọ́tò jáde.

Wọ́n pè mí pé kí n wá dáhùn ìbéèrè díẹ̀. Bí mo ṣe dé kántà, wọ́n ní kí n bọ́ bẹ́líìtì, kí n tú okùn bàtà, wọ́n gba fóònù. Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó kan fífi irọ́ ránṣẹ́, ni wọ́n nà sí mi, èyí tí ilé ẹjọ́ ECOWAS ti bẹnu àtẹ́ lù lọ́dún 2022, tí ìjọba Nàìjíríà sì tún ṣe lọ́dún 2024. Mo bi wọ́n pé èwo ló jẹ́ irọ́ nínú ohun tí mo kọ. Ọ̀gá wọn ní òun ò pè mí wá kí n wá bi òun léèrè.

Òru ló burú jù. Kì í ṣe ẹ̀fọn, kì í ṣe garawa ìtọ̀ tó wà nítòsí orí mi. Ọlọ́pàá kan wá dúró sẹ́nu irin, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní kí n ṣí fóònù mi. Mo kọ̀, torí nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tó ta mí lólobó wà níbẹ̀. Ló bá kọjú fóònù sí mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé ṣáá, ó sì ń kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ọlọ́run á yọ ọ́.” “À ń gbàdúrà.” Ó da èèpo ẹ̀pà sílẹ̀, ó ní, “Ìwọ tí ò ń jà fún ìlú, èwo nínú wọn ló ń bọ̀?” Ilé àwọn mìíràn nínú wọn ò jìnnà sí tẹ́ṣàn rárá. Mo ronú kan Dele Giwa, akọ̀ròyìn tí bọ́ǹbù pa lọ́dún 1986, tí a ò tíì mọ ẹni tó rán an sí i.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń lo ilé ìwòsàn náà ló yọ mí. Wọ́n pọn ọmọ wá láàárọ̀, wọ́n jókòó sẹ́nu géètì, “Ọmọ wa dà?” Mo gba béèlì, mo délé.

Nítorí náà, ẹ dé tẹ́ṣàn. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, ẹ béèrè ẹ̀sùn rẹ̀, ẹ má kúrò níbẹ̀. Abala 35 ìwé òfin ọdún 1999 ní ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi tì í mọ́lé kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ẹjọ́, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Àmọ́ ta ló ń ka wákàtí fún ẹni tí kò lẹ́nìkan níta?

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà yín tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé; tèmi wúlò gan-an. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi ti fóònù yín, kì í ṣe ojú. (Àwọn kan ní ẹgbẹ́ alátakò ló rán mi. Mi ò ní káàdì ẹgbẹ́ kankan. Òrùlé ń jò, òjò ò mọ ẹgbẹ́.)

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìwé àṣẹ dẹ́rù bà yín: ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti sọ lọ́dún 2007 pé ìwọ́de ò nílò àṣẹ ọlọ́pàá. Mi ò ní kò léwu o. Gbogbo wa la rí bí wọ́n ṣe yìnbọn sáwọn tó ń wọ́de ní Lekki lọ́dún 2020. Ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ pọ̀, ẹ má gbé òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ lọ. Àdúrà dáa, ẹ gbà á lójú ọ̀nà tẹ́ṣàn.

Wọn ò tíì pa ẹjọ́ mi tì. Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo gbọ́dọ̀ padà lọ fojú hàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, ẹ bá mi débẹ̀.