Orin ló ṣáájú àwòrán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Beauty and the Beast, fíìmù àwòrán yíyà ti ọdún 1991, tán ni. Àmì-ẹ̀yẹ Oscar 2 ni Alan Menken, ẹni tó ṣe ohùn orin rẹ̀, gbà nídìí rẹ̀, nínú 8 tó ní. Howard Ashman tó ń bá a kọ ọ̀rọ̀ orin ti kú kí fíìmù náà tó jáde. Ó ṣeni láàánú.

Orin tí àwọn ẹ̀dá inú fíìmù ń kọ, wọ́n ti máa ń gbà á sílẹ̀ kí ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnu lè bá ohùn mu. Orin abẹ́lẹ̀, èyí tó kàn ń dún lábẹ́ ìran tó sì gbọ́dọ̀ bá ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ mu, ló le jù. Fírémù 24, ìyẹn ẹyọ àwòrán 24, ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí orin bá ń lọ ní ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan, fírémù 12 ni ìlù kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tún wá gé fírémù 6 péré kúrò nínú àwòrán, ìlù tó yẹ kó bọ́ sí ìgbà tí ilẹ̀kùn gbá á pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀!

Ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?