Gìtá BLO ò kúrò létí mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́

Láti àárọ̀ ni gìtá Berkley Jones, ti ẹgbẹ́ olórin BLO, ti ń dún létí mi. Mo fọ aṣọ, ó ń dún. Mo lọ ra ata ní Bódìjà, ó bá mi lọ, ó bá mi bọ̀. Ní báyìí iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ará ẹ̀yìnkùlé wa nìkan ló ń pariwo, síbẹ̀ gìtá yẹn ò sinmi. Ẹni tó bá ṣe ọ̀dọ́ ní Èkó láàárín 1972 sí 1977 á mọ irú orin tí mò ń sọ. Kì í ṣe jùjú, kì í ṣe àpàlà, kì í sì í ṣe ti Fẹlá. Rọ́ọ̀kì ni, èyí tí àwọn ọmọ tiwa fọwọ́ ara wọn ṣe.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń sọ pé orin òyìnbó ni rọ́ọ̀kì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ. Ṣé òyìnbó ni BLO ni? Berkley Jones ló ń ta gìtá, Laolu Akins ló wà nídìí ìlù jáàsì, Mike Odumosu ló di béèsì mú. Lẹ́tà tó ṣáájú nínú Berkley, Laolu àti Odumosu ni wọ́n kó jọ fi sọ ẹgbẹ́ lórúkọ. Èèyàn mẹ́ta péré, àmọ́ orin wọn kún inú ilé débi pé o ò ní mọ ibi tó ti ń jáde. Chapter One, rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́, jáde ní 1973, ọdún tí náírà àti kọ́bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde. Mi ò lè gbàgbé ọdún náà, torí kọ́bọ̀ tuntun yẹn la máa ń gbé lé orí apá cháńjà kí abẹ́rẹ́ má baà máa fò.

Yábàá là ń gbé nígbà náà. Rédíògíràmù Bàbá wa wà ní pálọ̀, igi rẹ̀ ń dán gbinrin, Màmá sì fi aṣọ funfun tí wọ́n fọwọ́ hun bo orí rẹ̀. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí Bàbá bá ti lọ sí ìpàdé ìjọ lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi á ká aṣọ yẹn kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Á yọ rẹ́kọ́ọ̀dù nínú páálí, ìka méjì ló fi ń di etí rẹ̀ mú, á fẹ́ ẹnu sí i, á fi abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún yí po, kó tó wá gbé abẹ́rẹ́ lé e. Á kọ́kọ́ máa dún ṣàà-ṣàà bí epo tó ń yá lórí iná. Lẹ́yìn náà ni gìtá á wọlé. Nǹkan kan wà tí Berkley Jones ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nílẹ̀ tó ń mú kí gìtá máa ké bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí ohùn rẹ̀ máa ṣí, kó máa pa dé. Ẹ̀gbọ́n mi á dijú, á máa fẹsẹ̀ tẹ símẹ́ńtì bíi pé òun gan-an ló ń tẹ̀ ẹ́, ṣòkòtò bọ́ǹgò rẹ̀ á máa gbá ilẹ̀. Èmi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mò ń ṣọ́ géètì.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá tètè dé. “Ta ló ń ké nínú ilé mi?” Wọ́n fúnra wọn ni wọ́n lọ pa á. Wọ́n fi Ebenezer Obey sí i, wọ́n jókòó, wọ́n sinmi. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn láéláé. Ẹni tó fẹ́ràn Obey ò ṣe àṣìṣe.

Ohun tí mo fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ ni bí Èkó ṣe rí lọ́dún 1973 yẹn. Ginger Baker, tó ń lu ìlù jáàsì tẹ́lẹ̀ fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream nílùú òyìnbó, ti gbé Land Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá bá wa. Ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà, Berkley àti Laolu sì ti bá a ṣeré nínú ẹgbẹ́ tó pè ní Salt. Paul McCartney, tó wà nínú Beatles tẹ́lẹ̀, wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Band on the Run. Gbogbo ayé ló gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ St. Gregory's College, ọmọ iléèwé tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù, ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Try and Love fún EMI, tí wọ́n pe ara wọn ní Ofege. Ọmọ tí kò tíì jáde ìwé mẹ́wàá! Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, kò jẹun alẹ́. Ó ní òun náà gbọ́dọ̀ ní gìtá.

Fún èmi tí mo jẹ́ obìnrin, àwọn Lijadu Sisters, ìbejì olórin, ló là mí lójú. Àwọn náà ti bá Ginger Baker ṣiṣẹ́. Nígbà tí Danger jáde ní 1976, mo gbọ́ ohùn Táíwò àti Kẹ́hìndé tó ń jáde pọ̀ bí ẹyọ kan, béèsì ń rìn lábẹ́ wọn, ojú ò sì tì wọ́n láti sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Obìnrin méjì tó dúró sí iwájú, tí kì í ṣe pé wọ́n ń gbè lẹ́yìn ọkùnrin kankan. Kẹ́hìndé kú ní Amẹ́ríkà ní 2019. Mo sunkún rẹ̀ bí ẹni sunkún ọmọ ìyá.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1977. Lẹ́tà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń ká pọ̀ ló fi ń kọ̀wé sí mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà pọ́ńkì, irú rọ́ọ̀kì kan tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń ṣe. Ó ní àwọn ọmọ yẹn ò mọ gìtá ta tó Berkley, ṣùgbọ́n inú ń bí wọn, wọn ò sì fi pa mọ́. Ní 30 Oṣù Kẹrin 1978, ó bá èrò rẹpẹtẹ rìn láti Trafalgar Square dé Victoria Park níbi eré Rock Against Racism, ẹgbẹ́ tó ń fi orin gbógun ti ẹ̀tanú àwọ̀. The Clash ṣeré, Steel Pulse ṣeré, Poly Styrene tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sòmálíà kọrin pẹ̀lú X-Ray Spex. Eric Clapton, onígìtá tó bá Ginger Baker wà nínú Cream, ló fà á tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀: ó ti dúró lórí pèpéle ní Birmingham ní 1976, ó ní kí àwọn àjèjì kúrò ní ilẹ̀ àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti fi àwòrán Cream sára ògiri ní Yábàá! Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé, “Àbúrò mi, bá mi já àwòrán yẹn wálẹ̀.” Mo já a.

Nígbà tó máa fi padà wálé, rọ́ọ̀kì tiwa ti ń lọ sílẹ̀. Mike Odumosu ti lọ bá ẹgbẹ́ olórin Osibisa, dísíkò ti gba ilé ijó. Àmọ́ èmi rò pé ìnáwó ló pa á. Rọ́ọ̀kì ò mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣòkú ìyá rẹ̀, tó pa màlúù, tó fẹ́ kí wọ́n ki òun àti àwọn baba ńlá òun, kí òun lè máa lẹ náírà mọ́ olórin níwájú orí, kí ló fẹ́ fi BLO ṣe? Obey á kì í. Sunny Adé á kì í. Àwọn ọmọ onígìtá wa ń kọrin nípa ìfẹ́ àti àlàáfíà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ò lówó lọ́wọ́.

Síbẹ̀ kò kú tán. Ní 1989, Shina Peters gbé Ace jáde, Afro-juju sì gba ìlú kan. Ẹ lọ wo ẹni tó darí iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà: Laolu Akins ni. Ìlù yẹn tó ń sáré, tó ń gbá àyà, mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kí n tó ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó àbúrò wa lọ́dún tó tẹ̀ lé e, díjéè fi í sí i, Bàbá wa dìde lórí àga, wọ́n wà lójú agbo títí orin fi parí. Wọ́n ní kí wọ́n tún un fi sí i. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí lọ́rùn mú, ó ń pariwo sí mi létí pé, “Laolu nìyẹn! Laolu BLO nìyẹn!” Bàbá ò gbọ́. Wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń jó lọ.