Bí Mo Ṣe Jọba ní Ibùdókọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ igbe mi nípa òtútù Chicago láti oṣù kẹwàá tí a ti kó dé ibí kò ní bi mí ní ìdí tí inú mi fi dùn ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí mo jí ní òwúrọ̀, oòrùn ti ń ràn, àwọn ẹyẹ ń ké lórí igi tí kò tíì ní ewé kankan, fóònù mi sì sọ pé ooru ọjọ́ náà yóò tó 78 ní ìwọ̀n Fahrenheit, èyí tí ó sún mọ́ 26 ní ìwọ̀n Celsius tí a fi kọ́ wa níléèwé. Mo ṣí fèrèsé, mo mí kanlẹ̀, mo sì kéde fún ìyàwó mi pé ìgbà òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi mí ṣe olùkéde o. Èmi ni mo yan ara mi, èmi náà ni mo sì búra fún ara mi.

Kóòtù òtútù mẹ́ta ni mo ní, èyí tí ó nípọn jù nínú wọn sì wúwo débi pé bí ènìyàn bá wọ̀ ọ́, bí ẹni tí ó pọn ọmọ ọdún mẹ́rin ni yóò máa rìn. Mo ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo ní mo fẹ́ kó wọn lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, kí wọ́n lè mọ́ tónítóní kí n tó tì wọ́n sábẹ́ ibùsùn títí di oṣù kọkànlá.

“Bàbá Ìbejì,” ni ìyàwó mi wí, “oṣù kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni o. Tiyín ni ẹ lè kó lọ. Ẹ má fọwọ́ kan tèmi àti ti àwọn ọmọ.”

Mo rẹ́rìn-ín sí i, irú ẹ̀rín tí ọlọ́gbọ́n máa ń rín sí aláìmọ̀kan. Ṣé ó mọ̀ pé mo ti gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn àgbà ni? Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ìjọ wa tí ó ti lò ju ogún ọdún lọ ní ìlú yìí, òun ni ó sì sọ fún mi ní ọjọ́ ìsinmi pé, “Àbúrò, bí o bá ti rí i pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá baseball, má fi kóòtù da ara rẹ láàmú mọ́.” Wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá baseball. Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́?

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀, kóòtù ti ga bí òkè Olúmọ lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó sì ní títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta kí tèmi tó yọrí. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó ṣe ń kọ ìwé fún mi. Mo rò pé ọ̀yàyà ni.

Ní ọjọ́ kejì, tí ó jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣì wà lórí ibùsùn ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n yí iṣẹ́ mi padà láti òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Lójijì ni fèrè kan bú sẹ́kún láti ojú ọ̀run. Kì í ṣe fèrè ọlọ́pàá, kì í ṣe ti àwọn panápaná. Ohùn kan ṣoṣo ni, tí ó ń ga, tí ó ń fà, bí ìgbà tí gbogbo ìlú bá ń ṣọ̀fọ̀ òkú kan náà. Mo ti gbọ́ ìtàn pé ìgbà ìrúwé ni ààjà máa ń jà ní agbègbè yìí. Nílé wa, bí ààjà bá gbé ènìyàn lọ, a gbọ́ pé ó máa ń padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ ewé àti egbò. Ààjà ti Amẹ́ríkà kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ewé. Òrùlé ni ó ń gbé, kì í sì í dá a padà.

Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ìbejì sì wà níléèwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ohun tí mo kó ní ìṣẹ́jú náà, nítorí ìyàwó mi kò tíì dárí rẹ̀ jì mí. Mo mú ìwé ìrìnnà mi. Mo mú àpò gàrí Ìjẹ̀bú tí ìyá mi fi ránṣẹ́. Mo dé ìkòkò ọbẹ̀ sórí, nítorí mo ti kà níbìkan pé orí ni kí ènìyàn kọ́kọ́ dáàbò bò. Ìwé ìrìnnà ìyàwó mi àti ti àwọn ọmọ wà nínú àpamọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú tèmi, ṣùgbọ́n tèmi nìkan ni mo yọ. N kò mọ ibi tí mo rò pé èmi nìkan ń lọ pẹ̀lú gàrí.

Báyìí ni mo ṣe sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, tí mo wọ ṣòkòtò àwọ̀sùn, tí etí ìkòkò yọ sí ọ̀tún àti òsì orí mi bí ìwo. Mo bá ìyá àgbàlagbà tí ó ń gbé ní àjà kẹta, ó ń ká aṣọ ìnura rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wò mí. Ó wo ìkòkò. Ó wo gàrí. Lẹ́yìn náà ni ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ìlú Chicago máa ń dán fèrè wọn wò láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń dún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ gbìyànjú láti ṣí fìlà, kí n tó rántí pé kì í ṣe fìlà ni mo dé.

Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Ẹ̀rín tí ó fi mí rín gba ogún ìṣẹ́jú. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kí òun náà wá gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ yí padà. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé kò sí òkè kankan láàárín wa àti Kánádà tí ó lè dá òtútù dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó lè dá ooru olómi dúró bí ó bá ń gòkè bọ̀ láti etí òkun ìhà gúúsù. Orí wa ni àwọn méjèèjì ti máa ń pàdé tí wọn yóò máa bá ara wọn fa ilẹ̀. Ní ọjọ́rú, òtútù ni ó borí. Mo ṣí aṣọ fèrèsé, ìrì dídì ti bo gbogbo ọkọ̀ tí ó wà lójú títì bí ẹni pé wọ́n da ẹ̀lùbọ́ funfun lé wọn lórí.

Ibi iṣẹ́ kò sì mọ ìtàn alágbàfọ̀. Mo gbìyànjú kóòtù ìyàwó mi aláwọ̀ òdòdó, apá rẹ̀ dúró sí ìgúnpá mi, bọ́tìnnì rẹ̀ kò sì pàdé ihò. Níbi tí mo ti ń wá inú àpótí kiri ni mo ti kan agbádá ẹtù tí mo fi ṣe ìyàwó. Ọgbọ́n sọ sí mi nínú. Ta ni kò mọ̀ pé aṣọ òfì nípọn? Mo wọ súwẹ́tà méjì, mo wọ bùbá lé e, mo gbé agbádá lé gbogbo rẹ̀, mo sì jáde bí ọlọ́jọ́ ìbí.

Òótọ́ ni pé ẹtù nípọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá agbádá sílẹ̀ kò ro ti adágún Michigan mọ́ ọn. Òde ooru ni ó rò, ó sì ṣí apá rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà wọlé. Ní Rogers Park níbi tí a ń gbé, àdúgbò wa kò jìnnà sí adágún, atẹ́gùn náà sì rí ọ̀nà. Ó gba apá ọ̀tún wọlé, kò gba apá òsì jáde. Ó dúró sínú agbádá ó sì wú u, títí mo fi tóbi ju ibùdókọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn méjì tí ó ń dúró de ọkọ̀ pẹ̀lú mi sún sẹ́yìn. Mo di òpó ibùdókọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí ìyá mi bá rí mi ní ìṣẹ́jú náà, ìbá rò pé ààjà tí mo sá fún ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti padà wá mú mi ni.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, káàdì tí mo fi ń san owó wà nínú àpò ṣòkòtò, lábẹ́ agbádá, bùbá àti súwẹ́tà méjì. Bí mo ṣe ń wá a ni obìnrin tí ó ń wa ọkọ̀ náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, tí ó sì bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ọba ni mí ní ìlú mi. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò pinnu láti purọ́. Òtútù ni ó ń gbọ̀n mí. Eyín mi ń lu ara wọn, orí mi sì ń mì sókè sódò láìdúró. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ó fi ọwọ́ bo ibi tí a ti ń san owó, ó ní kí n máa lọ jókòó. Mo lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nígbà tí ara mi yá. N kò tún un ṣe. Mo jókòó síwájú, mo gbé agbádá sí èjìká, mo ń wo ojú títì bí ẹni pé èmi ni mo ni ín.

Ọjọ́bọ̀ kò ní ìtàn. Oòrùn ràn, ṣùgbọ́n asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fi gbólóhùn kan kún un tí mo wá mọ̀ pé ó jẹ́ orin ìlú yìí: yóò tutù díẹ̀ sí i létí adágún. Omi adágún náà kì í tètè gbàgbé oṣù kejì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ooru padà, ó sì gbé ọ̀rinrin dání. Láti ọ̀sán ni fóònù ti ń sọ pé àrá lè sán, pé kí a máa fiyè sí i. Ọjọ́ ìsinmi mi ni, mo sì ń dín dòdò nígbà tí ojú ọ̀run di àwọ̀ ewé tí kò dára, tí fèrè ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó mi gbá àwọn ìbejì mú, ó ní ó yá. Mo yí dòdò mi padà, mo sì sọ fún un pé ìdánwò ni, pé n kì í ṣe ẹni tí a ń tàn lẹ́ẹ̀mejì.

“Bàbá Ìbejì, ọjọ́ Ẹtì ni òní,” ni ó wí, ó sì lọ.

Mo dúró. Mànàmáná kọ. Wọ́n ní kí ènìyàn máa kà á. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún jẹ́ máìlì kan láàárín òun àti ibi tí mànàmáná ti kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: “Ení…” Èjì kò jáde lẹ́nu mi. Àrá tí ó sán ní ìṣẹ́jú náà mi àwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kígbe “Kábíyèsí!” láìmọ ìgbà tí mo ṣí ẹnu, mo sì rántí lọ́gán pé ẹnì kan ti jẹ oyè tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ọjọ́rú. Olúkòso gbọ́! Yìnyín tí ó tó èkùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu fèrèsé, ó ń bi mí pé ìlú wo gan-an ni mo ti jọba. Ọlọ́run ni ó rán mi létí láti pa gáàsì. Mo gbá àwo dòdò mú, mo fò sọ̀kalẹ̀.

Gbogbo ilé ni mo bá ní abẹ́ ilẹ̀. Ìyá àjà kẹta gbé ojú sókè sí orí mi, bí ẹni tí ń wá nǹkan. Mo yára gbé dòdò sí i níwájú.

Bí a ṣe ń jẹ dòdò nínú òkùnkùn ni fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n ni, ohùn rẹ̀ sì ń dún padà bí ti ẹni tí ó wà nínú kànga.

“Àbúrò, ṣé ẹ wà láàyè? Inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni mo wà.”

Ẹ̀gbọ́n tí ó fi mí rẹ́rìn-ín fún ogún ìṣẹ́jú! Ó ní òun fi ìrọ̀rí méjì bo orí, ìyàwó òun jókòó lórí ṣálángá ó ń gbàdúrà, òun sì wọ kóòtù òtútù òun kí fèrèsé má bàa fọ́ sí òun lára.

“Kóòtù wo?” ni mo bi í. “Ẹ̀gbọ́n, kóòtù wo ni ẹ wọ̀?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé o rí i,” ni ó wí, “èmi kì í kó tèmi kúrò nílẹ̀ títí di oṣù kẹfà.”

Ìjì náà kọjá láìṣe ilé wa ní nǹkankan. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ooru tún gun 80, mo sì lọ gba kóòtù mi lọ́wọ́ alágbàfọ̀, tí ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó mi ti ní kí n ra àpò ìrẹsì kan bọ̀. Ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fún mi. Mo fi ọ̀kan gbé ìrẹsì, mo fi èkejì gbé kóòtù méjì nínú ọ̀rá, kò sì sí ibi tí mo lè gbé ẹ̀kẹta sí àfi ara mi. Èyí tí ó nípọn jù ni. Mo dúró ní ibùdókọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó wọ ṣòkòtò péńpé, òógùn ń ṣàn sínú bàtà mi.

Ọkọ̀ dé, ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin ọjọ́rú náà ni ó wà nídìí ọkọ̀. Ó wò mí láti ọrùn dé orúnkún. Ó wo oòrùn.

“Ọba mi,” ni ó wí, “ṣé òtútù ṣì ń mú yín láàfin ni?”

Mo san owó ọkọ̀ mi, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, èmi àti àpò ìrẹsì mi.