Klórínì kọ́ ló ń kọ́kọ́ wọ omi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí adágún ìlúwẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìtọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú ọgbà ilé láti Kàbà dé Ìsánlú, ẹ kú iṣẹ́. Bí omi bá ti ń yọ ewédò, klórínì ni onílé yóò máa ké sí. Ṣùgbọ́n bí pH omi (òṣùwọ̀n tó ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì inú omi bá ṣe ń pọ̀ sí i) bá wọ 8, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin klórínì tí ẹ dà sí i ló lágbára láti pa kòkòrò, ní 7.5, ó tó ìdajì. Owó onílé ni ẹ ń dà sómi yẹn.

Alkalinity, ìyẹn agbára omi láti kojú ásíìdì, ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kó wà láàárín mílígíráàmù 80 sí 120 nínú lítà kan, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí pH máa ṣe ségesège. Ẹ wọn adágún kí ẹ tó wọn kẹ́míkà: èyí tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì jìn ní mítà 1.5 káàkiri, lítà 48,000 ló ń gbà, nǹkan bí gíráàmù 800 bákíǹ sódà ni yóò sì fi 10 kún alkalinity rẹ̀. Ẹ wá mú pH wá sáàárín 7.2 sí 7.8, ásíìdì ló ń fà á wálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ tó da klórínì sí i, torí oòrùn a máa jẹ ẹ́ run.

Omi kànga ẹ̀rọ wa gba sùúrù. Èyí tó ní irin nínú a máa mọ́ gaara lójú, àmọ́ bí klórínì bá ti kàn án, a pọ́n bí ẹni pé wọ́n fọ ọkọ́ tó dípẹtà sínú rẹ̀. Kí ẹ tó fa irú omi bẹ́ẹ̀ kún adágún, ẹ bu garawa kan, ẹ fi klórínì díẹ̀ sí i, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì.

Nígbà Kérésìmesì tí àwọn ará Abùjá bá wálé, tí ojú ń ta wọ́n, tí omi sì ń rùn, wọn á ní klórínì ti pọ̀ jù. Ẹ má bá wọn jà, ẹ yẹ omi náà wò: lọ́pọ̀ ìgbà, òógùn àti ìtọ̀ ló ti lẹ̀ mọ́ klórínì, omi náà sì ń fẹ́ klórínì sí i ni.

Abọ́ tí ẹ fi bu ásíìdì kò gbọdọ̀ kan klórínì láé, torí èéfín tó ń jáde nínú àpapọ̀ wọn lè pani. Kẹ́míkà ni kí ẹ máa dà sínú omi, kì í ṣe omi sínú kẹ́míkà.