Katakata bàbá wa: ká tà á ni àbí ká fi í sílẹ̀?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ó ti lé lọ́dún méjì tí bàbá wa ti lọ, a sì ti pín gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, àwọn àgbà ilé ní ìdí-igi ni ká fi pín in torí ìyàwó méjì ni bàbá fẹ́, ilẹ̀ ṣe é pín, oko kaṣú ṣe é pín, ilé náà a rí ọgbọ́n dá sí i, àfi katakata yìí nìkan ló kù tí kò lójú ibi tí èèyàn máa gbà là á sí méjì.

Massey Ferguson 135 ni. 1976 ni wọ́n rà á, ọdún tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation jáde, Kwara la ṣì wà nígbà yẹn, 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Kogi síta. Wọ́n fi túlẹ̀ oko tiwọn, wọ́n tún ń bá àwọn ará Ìsánlú àti abúlé ìtòsí túlẹ̀ gbowó, owó yẹn ló rán gbogbo wa níléèwé. Nírọ̀lẹ́ a ti máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó yọ, a ó sáré lọ pàdé wọn, wọ́n á dúró ká lè gun mọ́gáàdì.

Bọ̀dá wa tó wà ní Lọ́kọ́ja ní ká tà á, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí bàbá ń tú nígbà yẹn ti di oko kaṣú, oko ọ̀nà jíjìn ńkọ́, ẹ̀rù ajínigbé ò jẹ́ ká débẹ̀ mọ́, ebè iṣu sì rèé, ọkọ́ la fi ń kọ ọ́. Oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kan wá, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà, ó ń ṣírò kílò, ó ní ₦850,000 lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó dùn mí dé egungun, torí irin lásán ló rí.

Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, katakata tó kàn dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń kú lọ ni. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti páàkì rẹ̀, agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń dé ẹnu sálẹ́ńsà kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ikú wọn kò sẹ́ni tó rántí agolo, òjò ọdún méjì wọlé, ẹ́ńjìnnì gan pa.

Mo lọ bẹ Bàbá Mẹkáníìkì ní Kábà, àwọn tó ti ń bá bàbá mi tún un ṣe tipẹ́. Perkins onísílíńdà mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n tú nọ́sùlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n da díísù àti ọ́ìlì sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n fi sípánà gbá nọ́ọ̀tì iwájú ẹ́ńjìnnì mú, wọ́n ń rọra tì í síwá sẹ́yìn, àfi bó ṣe yí! Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ṣì ń mí o." Ilé iṣẹ́ Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe é ti kógbá wọlé láti 2002, ṣùgbọ́n Pakistan ṣe MF 240 tó jẹ́ ìran rẹ̀, púpọ̀ nínú pàátì rẹ̀ ló bá a mu, nítorí náà pàátì ò wọ́n.

Ohun tó wá ṣí mi lójú ni àbúrò wa, ọmọ Màmá Kékeré, òun nìkan ló ń ṣoko nínú wa. Lọ́dún yìí ó sanwó háyà katakata, ẹni náà ń sọ pé ọ̀la ọ̀la títí òjò àkọ́rọ̀ fi kọjá, àgbàdo rẹ̀ pẹ́ kó tó wọlẹ̀, kò sì rí nǹkan gidi kó. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń ta ohun tí mò ń wá owó háyà rẹ̀ kiri." Gbogbo wa dákẹ́ lórí fóònù.

Ibi tá a fẹnu kò sí rèé: a ó dáwó tún un ṣe, ọwọ́ àbúrò wa yìí ló máa wà, nínú owó tó bá fi tú oko ẹlòmíì yóò máa fún àwọn ìyá wa méjèèjì. Bí katakata náà kò bá fọwọ́ kan ilẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀, a ó tà á fún àgbẹ̀ tó máa lò ó, a ò ní tà á fún onírin láéláé. Bọ̀dá gbà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà.

Pọ́ǹpù rẹ̀ ṣì wà ní Kábà lọ́dọ̀ Bàbá Mẹkáníìkì, bátìrì ò tíì sí. Ṣùgbọ́n mo ti wá agolo mílíìkì kan, mo ti fi dé sálẹ́ńsà.