Ṣòkòtò Mi Ń Mu Vape Nínú Mítíìnì

Ẹni tó bá sọ fún yín pé rírà vape, sìgá oníbátìrì yẹn, rọrùn, ẹ bi í wò bóyá ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á rí. Èmi ṣáà fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá ni tèmi, mo rò pé màá kàn nawọ́ sí kiní kan ni, wọ́n á dì í fún mi, ó tán. Bọ̀dá tó ń tajà bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: ṣé pod lẹ fẹ́ ni àbí box mod? Ṣé ẹ máa kọ́kọ́ fà á sẹ́nu kẹ́ ẹ tó fà á wọ àyà ni, àbí tààrà lẹ máa fà á dé ẹ̀dọ̀fóró? Mo ní bọ̀dá, ẹ̀dọ̀fóró mi ò tíì bá mi sọ ọ̀nà tó fẹ́ kí n gbà o.

Wọ́n ṣáà ṣàlàyé fún mi. Pod ni kékeré yẹn, fífà ẹ̀ jọ ti sìgá, òun ni wọ́n sábà máa ń bu nicotine salt (nicotine tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta èèyàn lọ́fun) sí, ó lè tó 20mg nínú mílílítà kan. Box mod ló ń tú èéfín tó kún yàrá, 3mg ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bu sí i, torí tẹ́ ẹ bá lọ da ti 20 yẹn sínú tánkì ńlá tẹ́ ẹ wá fà á kanlẹ̀, òòyì á kọ́ yín, ilẹ̀ lẹ máa wá jókòó sí láìsí ẹni tó ní kẹ́ ẹ jókòó. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ń pè ní mech mod, páìpù lásán ni, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, bátìrì àti kọ́ìlì (wáyà wíwé tó ń gbóná, tó ń sọ omi vape di èéfín) ló ń yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, òun ló sì rẹwà jù nínú gbogbo wọn. Àmọ́ tí wáyà bá lọ ṣèèṣì fara kan ibi tí ò yẹ, kò sí nǹkan tó máa sọ fún bátìrì yẹn pé ó tó, ó lè bú gbàmù. Mo ní ẹ bá mi dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Box mod oníbátìrì kan ni mo gbé lọ sílé.

Kọ́ìlì tí wọ́n ti wé sínú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ò pẹ́ tó fi ń rùn, àṣé omi vape tó bá ti dùn jù, nǹkan tí wọ́n fi mú un dùn á gbá jọ sára kọ́ìlì, á dúdú, á wá máa fún yín ní adùn èédú. Mò ń rà, mò ń jù nù. Ibẹ̀ ni àbúrò ìyàwó mi tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ti dá sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà! Ẹ máa wé e fúnra yín jàre." Kí n tó wí nǹkan kan ó ti kó wáyà Kanthal tí wọ́n fi ń wé kọ́ìlì jáde, nọ́ńbà 26, (nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga sí i ni wáyà ṣe ń tín-ín-rín sí i o, ta ló rò ó bẹ́ẹ̀?), ó kó òwú jáde, ẹ̀mú, sísọ́ọ̀sì kékeré, tánkì tí wọ́n ń pè ní RTA (èyí téèyàn lè fúnra ẹ̀ wé kọ́ìlì sí), gbogbo tábìlì kún.

Ó ní ká wé e yí irin 3mm ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó máa sún mọ́ 0.8 ohm, ìyẹn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Ó ní tó bá jẹ́ pé bátìrì nìkan ló ń yanjú ẹ̀ bíi ti mech mod, ẹ mú fólítì bátìrì tó kún dáadáa, 4.2, ẹ fi 0.8 pín in, amp 5 àti díẹ̀ ni iná tó máa fà lára bátìrì, kò séwu. Tẹ́ ẹ bá wá lọ wé e dé 0.1 ńkọ́? 42 amp. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí bátìrì 18650 tó yẹ kéèyàn fi irú ìyẹn lọ̀." Mo ní ṣé mo lè máa mu sìgá mi lọ báyìí.

Súkúrúù tó ń di ẹsẹ̀ wáyà mú, ẹ̀yin èèyàn mi, kiní yẹn ò tó ẹyọ ìrẹsì o. Mo ní kí n tú u báyìí, ó fò. Èmi àti àbúrò dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, ìyàwó mi wọlé ó ní kí la ń wá, a ní súkúrúù, ó ní èwo, a ò rí nǹkan fi júwe ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ òun gan-an la ti padà rí i, igbe tó ké la fi mọ̀.

A de kọ́ìlì mọ́lẹ̀, àbúrò ń fi iná díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Àárín ló yẹ kó ti kọ́kọ́ pọ́n kó tó tàn dé ẹ̀gbẹ́, tèmi ẹ̀gbẹ́ kan ló ń pọ́n ṣáá, ìyókù ń wò ó níran. Ó fi ẹ̀mú tí wọ́n fi seramíìkì ṣe ha ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí gbogbo ẹ̀ fi pọ́n pọ̀. Òwú tó ń fa omi vape wá sára kọ́ìlì ló wá kù, òun gan-an ló mú mi lómi: ẹ bá ki í jù, omi ò ní rí ibi gbà, ẹ máa fa iná sọ́fun, ẹ ò bá sì ki í tó, gbogbo omi á jò sára yín. Ó ní kó le díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń fà á kọjá, kó má sì wọ́ kọ́ìlì dání. A pa á mọ́ ihò omi, a rọ omi sítrọ́bẹ́rì sí i, mo fà á, háà. Adùn yẹn! Mo tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó tì pa, mo lọ sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la ní mítíìnì níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin ẹ má gbàgbé pé mo ti ti kiní yẹn pa o. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àbúrò ti dìde láfẹ̀mọ́jú, ó ní òun fẹ́ wo bóyá òwú ń fa omi dáadáa, ó ṣí i, ó fà á, ó rọra gbé e padà síbi tó wà bí ọmọ tó gbọ́n. Mo kì í bọ àpò ṣòkòtò.

Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ, mo rọra gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo gbọ́ ṣììì. Òórùn sítrọ́bẹ́rì dé, àǹtí tó jókòó tì mí ń wo abẹ́ tábìlì, ó ní ta ló ń jẹ súwíìtì níbí. Kiní yẹn máa ń dá ara ẹ̀ dúró tó bá ti di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó dúró lóòótọ́, mo mí kanlẹ̀, mo ní kí n rọra sún díẹ̀ kí n lè yọ ọ́, bọ́tìnì tún wọlé. Àyà mi já. Èéfín funfun bá rọra yọ jáde lápò mi, ó ń gun òkè lọ níwájú gbogbo wa.

Ẹnì kan pariwo, "Iná! Ṣòkòtò bọ̀dá ń jó o!" Kí n tó lanu, àǹtí yìí ti ṣí omi tó wà níwájú ẹ̀, ó dà á sí mi nítan, gbogbo ẹ̀. Mo fa mod yọ, omi ń kán lára ẹ̀, sítrọ́bẹ́rì ń jò lára ẹ̀, mo sá gbé e jìnnà sí gbogbo wa.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú. "Kí nìyẹn?"

Mo ní, "Vape ni sà."

"Ìwọ lò ń mu ún?"

"Rárá o sà."

Wọ́n wo ṣòkòtò mi tó tutù, wọ́n wo mí lójú. "Ó wá ń dá ara ẹ̀ mu nínú àpò?"

Ta ló tún lè dá ẹ̀rín dúró níbẹ̀? Wọ́n rín débi pé mítíìnì tú ká. Mo bọ́ síta, mo pe àbúrò, mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, omi, èéfín, ọ̀gá, itan mi tó ń ta mí. Ó dákẹ́ díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òwú yẹn ńkọ́, ṣé ò jóná?"