Ẹ wo ooru kẹ́ ẹ tó tú kábúrétọ̀: ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọ̀kadà, ẹ gbọ́ mi o. Tí kọ́sítọ́mà bá gbé máṣíìnì wá, tó ní ó ń kú lọ́sàn-án gangan tó bá ti wọ góòsílóò, àmọ́ tó bá sinmi díẹ̀ á tún dáhùn, tàbí tó ní òórùn epo ò jẹ́ kí èrò gbádùn lẹ́yìn òun, mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe: ẹ ti fa sípánà yọ, ẹ ti tú kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ ti ń fẹnu fẹ́ jet, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá nínú ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ ná. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹjọ́ yẹn tó dé iwájú mi, ooru ló ń da epo láàmú, kábúrétọ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Epo bẹntiróòlù tẹ́ ẹ rí yẹn, àdàlù ni. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú ẹ̀ á ti máa hó ní nǹkan bíi 35°C, èyí tó wúwo jù á sún mọ́ 200°C kó tó hó tán. Ẹ wá wo Ìbàdàn wa níbí lóṣù kejì sí oṣù kẹta, abẹ́ ibòji gan-an máa ń tó 35, ká má tíì sọ táńkì dúdú tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì tún ń yan án látìsàlẹ̀, epo inú ẹ̀ ò ní yéé yọ gáàsì. Tí gáàsì yẹn bá ti há sínú họ́ọ̀sì tàbí tó gba inú kábúrétọ̀, epo gidi ò ní ráyè kọjá, máṣíìnì á máa já, á wá kú.

Ẹ tún mọ èyí dájú: kábúrétọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá pa máṣíìnì. Ṣe ló tún máa ń gbóná sí i fún ìgbà díẹ̀, torí atẹ́gùn ojú ọ̀nà tó ń fẹ́ sí i ti dáwọ́ dúró, ooru tó wà nínú sílíńdà á wá máa gun orí ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́kadà á fi gun òkè Mápó pẹ̀lú èrò méjì láìsí wàhálà, á pa á kó lè gbowó, á ta kíkì báyìí, kò ní dáhùn. Nírú ìgbà yẹn, ẹ má fa choke tó ń dín atẹ́gùn kù, epo àti gáàsì ti pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ yí throttle, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń mú un sáré, dé òpin kí atẹ́gùn lè wọlé, kẹ́ ẹ wá ta kíkì.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ nìyí. Láàárín kábúrétọ̀ àti hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ máṣíìnì ló ní nǹkan dúdú kan níbẹ̀ tó le bí ike, tó nípọn, tí róbà roboto wà lára ẹ̀. Ẹ̀yin á tú u, ẹ á rí i pé ó ti sán, ẹ á jù ú nù, ẹ á gé páálí ṣe gáàsíkẹ́ẹ̀tì dípò ẹ̀, ẹ á sì ní ó ti wọlé. Kò wọlé o. Iṣẹ́ nǹkan dúdú yẹn ni pé kó má jẹ́ kí ooru hẹ́ẹ̀dì ráyè dé ara kábúrétọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lẹ ti gbé kábúrétọ̀ kaná, kọ́sítọ́mà yẹn á máa padà wá títí, ẹ á máa pàrọ̀ jet, ẹ á máa pàrọ̀ plọ́ọ̀gì, ẹ á máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ike kékeré yẹn lẹ jẹ ẹ́. Tí kò bá sí tuntun lọ́jà, ẹ wá a lára máṣíìnì àlòkù.

Ìdérí táńkì náà wà ńbẹ̀. Ihò tín-ín-rín kan wà lára ẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Eruku máa ń dí i, àwọn kan sì máa ń fi ọ̀rá wé ìdérí torí òjò. Táńkì á wá dà bí ìgò omi tẹ́ ẹ dojú ẹ̀ dé, tí omi ò dà geerege torí atẹ́gùn ò ráyè wọlé. Máṣíìnì á rìn díẹ̀, á kú. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ á gbọ́ fíìì, ẹ ta kíkì, ó dáhùn. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ fíìì yẹn, ẹ ò tún nílò sípánà kankan, abẹ́rẹ́ lẹ nílò.

Ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ gbóná jù ò pamọ́. Ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì tó ti gbẹ mọ́ ìyẹ́ sílíńdà, ẹ fọ̀ ọ́. Ọ́ìlì tó ti dúdú tó sì ti lọ sílẹ̀, valve (ilẹ̀kùn tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì tí èéfín sì ń gbà jáde) tí wọ́n fún jù, róbà manifold tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti sán tó ń fa atẹ́gùn. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì wò: tí ẹnu ẹ̀ bá funfun bí ẹfun, epo ò tó atẹ́gùn níbẹ̀, ó ń gbóná jù, tó bá pọ́n bí àwọ̀ bísíkíìtì, ó dáa, tó bá dúdú kírí, epo ti pọ̀ jù.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọlọ́kadà pé kí wọ́n yéé rọ epo dé ẹnu táńkì. Epo máa ń wú. Lítà 10 tó bá fi 20°C gbóná sí i, á wú tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lítà kan, ibo lẹ fẹ́ kó gbà? Ẹnu ìdérí ló máa gbà jáde, á sì ṣàn sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ tún rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol, irú ọtí olóró kan, pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ Nàìjíríà. Methanol máa ń jẹ́ kí epo tètè yọ gáàsì, ó sì ń ba àwọn róbà kan jẹ́, torí náà tí họ́ọ̀sì bá rọ̀ tàbí tó wú lójijì, ẹ béèrè ibi tó ti ra epo.

Wàyí o, gáàsì epo yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá gbà. Ẹ lè tú táńkì síbí kí iná ìyá aláàkàrà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán sì ràn án. Kò dìgbà tí epo bá gbóná kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ o, epo tó tutù nini náà ń yọ gáàsì tó lè gbaná. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni báa ṣe ń dán plọ́ọ̀gì wò: ẹ á yọ ọ́, ẹ á gbé e lé hẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ẹ̀ gan-an, ẹ á máa ta kíkì, gáàsì ń tú jáde nínú ihò, iná ń ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi plọ́ọ̀gì àlòkù dí ihò yẹn, ẹ ti táàpù epo, kẹ́ ẹ wá gbé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ dán wò jìnnà sí i. Táńkì tó ti gbẹ náà, ẹ má gbé e lọ fún wẹ́dà bẹ́ẹ̀. Òfìfo gan-an ló léwu jù torí gáàsì àti atẹ́gùn ti pàdé nínú ẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ lẹ ó fi fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ wá pọn omi kún un kó ku díẹ̀ kó dé ibi tí wọ́n fẹ́ jó.

Èéfín sàlẹ́ńsà ti yàtọ̀. Carbon monoxide inú ẹ̀ ò ní òórùn, kò ní àwọ̀, òun náà ló ń pa ìdílé tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ má ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ wá tan máṣíìnì láti gbọ́ sílóò ẹ̀. Tí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pa á, ẹ jáde síta.

Ẹ yéé fẹnu fa epo, ẹ yéé fi epo fọwọ́. Benzene wà nínú ẹ̀, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ọṣẹ àti lẹ́búlẹ́bú pákó tó láti fọwọ́. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wá ṣèèṣì gbé epo mì, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì, torí ìgbà tó bá ń bì í yẹn gan-an ló máa ń ráyè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé bẹntiróòlù ni.